Ọdún Tí Màmá Mi Fi Kọ́ Àǹtí Méí Ní "Get"

Bí mo bá rántí ilé wa ní Ìkirè ní ọdún náà, etí mi ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ kí ojú mi tó ríran. Màá gbọ́ omi tó ń dà láti ẹnu búútà Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bó ṣe ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà. Lẹ́yìn náà ni odó á bẹ̀rẹ̀. Dòdò ni Ìyá Àgbà ń tà lẹ́bàá títì, dòdò Ìkirè gidi, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà ṣe, tí wọ́n á gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n á sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Odó yẹn kì í dún kì-kì bíi ti iyán. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ohùn mìíràn tún wọ inú ilé wa. Ohùn màmá mi ni, ní fàráńdà, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà dé, tó ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ní àpètúnpè, àti ohùn obìnrin kan tó ń tẹ̀lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú odò. "Get," ni màmá mi á wí. "Get," ni Àǹtí Méí á dáhùn. Ìyá Àgbà á dá ọmọ odó dúró lẹ́yìnkùlé, á ní, "Ṣé ẹ ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ àná ni?"

Ará Ṣáínà ni Àǹtí Méí. Ọ̀gbẹ́ni Lín, ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó wá ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì ní àbàtà lápá Ararọ̀mí-Òwu. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tó sì ń wálé ní ọjọ́ Jímọ̀, ló fún wọn ní yàrá nínú ilé wa. Ọkùnrin náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó sì lè wà ní oko fún ọjọ́ mélòó kan kó tó padà wálé. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ ju "good morning" àti "thank you" lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń fọ abọ́ lábẹ́ fèrèsé nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lín wá bá màmá mi. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà náà mú. "Madam," ó ní, "teach my wife. Not book English. Hospital English." Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún lẹ́ẹ̀kan rí, ní ìlú kan tó jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kan ó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà nínú ara òun, ó ń nawọ́ sí ikùn, ó ń sọ ọ́ ní èdè rẹ̀, àwọn tó yí i ká ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí. Kí wọ́n tó rí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń wí, oyún náà ti bàjẹ́. Nísinsìnyí, ó tún ti lóyún. Màmá mi bi í pé kí ni kí òun kọ́ ọ gan-an. Ó ní, "What nurse say, she must hear. What is inside her body, she must say. Only that." Abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí, ìbẹ̀rù tí ọmọdé kò lè fi han ẹnikẹ́ni nítorí wọ́n á ní níbo lo ti gbọ́ ọ.

Ẹni tó létò ni màmá mi. Kí ó tó kọ́ ènìyàn ní nǹkan, ó máa ń fẹ́ mọ ibi tó ti ń dùn ún. Nítorí náà ó tẹ̀lé Àǹtí Méí lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Àpòmù, ó mú èmi náà dání, ó sì jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, kò dá sí ọ̀rọ̀ kankan. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin ọlọ́yàyà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yá bí ẹni ń ta ẹ̀pà. "Madam, get your card. Ó dáa. Get on the bed. Ah-ah, you are getting big o! Did you get the drugs? Oya, get down. Get plenty rest, ẹ gbọ́? And when the time comes, get here quick." Gbogbo rẹ̀ pátá ni Àǹtí Méí ń rẹ́rìn-ín sí, bákan náà, láì sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rín kan àti èkejì. Ẹ̀rín yẹn ló ba màmá mi lẹ́rù. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ yìí." Mo ní, "Màmá, ṣé 'get' kì í ṣe 'gbà' ni? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa." Ó wò mí. "Ẹni tó kọ́ ẹ kò purọ́. Kò kàn tíì parí ọ̀rọ̀ ni."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Méí fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan bá ọ̀rọ̀ kan mu ní èdè tirẹ̀, kí ó so méjèèjì pọ̀, kí ó sì sinmi. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ èdè máa ń fẹ́ nìyẹn. Màmá mi ní kí n gbé omi wá, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, get water." Àǹtí Méí ronú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè rẹ̀, ó sì fi hóró àgbàdo kan lélẹ̀ lórí ẹní láti dúró fún un. Màmá mi nawọ́ ìwé ìròyìn sí i, ó gbà á, màmá mi ní, "You get it." Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn ní Ṣáínà, hóró àgbàdo mìíràn. Oòrùn ń wọ̀, "it is getting dark," hóró kan. A ti ọ̀nà jíjìn dé ilé, hóró kan. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún wa yé wa, hóró kan. A gun àpótí, a sọ̀ kalẹ̀, ara wa le, ara wa dá, gbogbo rẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹní kún, màmá mi fi ọwọ́ gbá gbogbo hóró náà jọ sí àtẹ́lẹwọ́ kan, ó pa ọwọ́ dé, ó ní, "Get." Àǹtí Méí wo ìkúùkù náà títí. Ó mi orí. "Too many people," ó ní, "inside one house."

Ìyá Àgbà béèrè ohun tó wí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Sọ fún un pé ilé tiwa náà ò ṣófo. Ṣebí òun náà ń jẹ ẹ̀bà. Olóyè ń jẹ oyè, ọ̀tayò ń jẹ ayò, ìwọ Àbẹ̀kẹ́ tó ò gbọ́ràn, o ó jẹ ìyà. Eyín wo la fi ń jẹ ìyà?" Mo túmọ̀ ìyẹn náà, ó di ẹ̀rín fún gbogbo wa, ẹ̀rín tó ṣọ̀wọ́n nínú ilé náà lọ́dún yẹn. Èmi náà padà di tíṣà, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rí àwọn olùkọ́ tó máa ń ní kí ọmọ há gbogbo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí ènìyàn. Ọkùnrin kan náà ni wọ́n ń pè ní Bàbá nílé, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Àna níbòmíràn. Ẹ wo ibi tó dúró sí àti àwọn tó yí i ká, ẹ ó mọ ẹni tó jẹ́ ní wákàtí náà. Bí màmá mi ṣe kọ́ Àǹtí Méí nìyẹn, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú igi ìdáná, pẹ̀lú àpótí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò rí àyè kọ́ ọ. Nínú ilé wa, a kì í dárúkọ oyún, a kì í ka oṣù lé e lórí, a kì í sì í béèrè ìgbà tí yóò bí. Gbogbo wa la mọ̀, kò sì sí ẹni tó wí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí òórùn epo gbígbóná ń mú kí Àǹtí Méí máa bì, Ìyá Àgbà kàn kó ààrò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé obìnrin náà lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Àwọn oníbàárà bi í léèrè. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ gba iwájú Àǹtí Méí kọjá pẹ̀lú igi lérí. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà ilé wa ṣe ń tọ́jú aboyún, pẹ̀lú ọwọ́, láì la ẹnu. Ní ọjọ́ tí màmá mi wá ní kí Àǹtí Méí wí pé, "Nurse, I am getting pains," odó dákẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà yọ sí fàráńdà pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, kí lo ní kó wí?"

Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n láti ìdí odó ló ti rí bí màmá mi ṣe di ìbàdí mú tó sì fajú ro.

Màmá mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀kọ́ ni, Màmá."

"Ẹ̀kọ́ wo ló ń pe ìrora wá bá ẹni tí ara ò ro? Ohun tí a bá ń pè ló ń dáhùn. Ẹ máa kọ́ ọ ní ti omi."

"Màmá, ọjọ́ ń lọ, mo sì ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀."

"Ọlọ́run ló ni ọjọ́. Ẹ máa kọ́ ọ ní ti omi, mo ní."

Màmá mi kò jiyàn. A kì í bá ìyá ọkọ jiyàn lójú ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mo ń rí i tó ń jókòó pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nílẹ̀ tí kò máàkì ìkankan, ojú rẹ̀ wà lára Àǹtí Méí tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá. Ikùn náà ti sọ̀ kalẹ̀. Ìrẹsì ti gbó ní Ararọ̀mí, Ọ̀gbẹ́ni Lín kò lè máa wálé bó ṣe wù ú. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá jí, màá kọ́kọ́ fetí sí ẹnu ọ̀nà yàrá Àǹtí Méí. Tí mo bá gbọ́ sálúbàtà rẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀ di ọ̀sán.

Ọwọ́ ọ̀sán ni kíláàsì wa ń lọ sílé-ìwé nígbà náà, nítorí náà mo máa ń ran Ìyá Àgbà lọ́wọ́ láàárọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, màmá mi ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi àti Àǹtí Méí jókòó lórí àpótí, à ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ilẹ̀, ó fi eyín mú ètè ìsàlẹ̀, ó mí, ó sì tún ń bó o lọ. Mo rò pé eṣinṣin ló dà á láàmú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ náà tún dúró. Òógùn wà ní etí irun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn àárọ̀ ṣì tutù. Mo fẹ́ béèrè, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi béèrè ni Ìyá Àgbà ti lé kúrò ní fàráńdà. Mo rọra ní, "Àǹtí, you okay?" Ó ní, "Okay," ó sì rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tó ń rín fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dìde.

"Ìyá Àgbà, ọwọ́ Àǹtí Méí ń dúró."

"Ọwọ́ ń dúró báwo?"

"Á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á dúró, á wo ilẹ̀, á tún máa bó o."

Ìyá Àgbà dìde lẹ́bàá ààrò. Ó wá jókòó sí àyè mi, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, òun náà ń bó o, kò wo ojú Àǹtí Méí rárá. Nígbà tí ọwọ́ yẹn tún dúró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní ìbàdí láti ẹ̀yìn, ó sì fi í síbẹ̀ títí ara náà fi rọ̀. "Bísímílà," ó ní. "Ara yìí le bí pákó. Bi í pé láti ìgbà wo."

"Àǹtí, since when?"

Àǹtí Méí ronú. "Since cock," ó ní.

"Ó ní láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ."

"Yéè! Ọmọ yìí ń rọbí láti ìdájí, a ò gbọ́ pẹ́ńkẹ́n!"

Lẹ́yìn náà ni a wá mọ ìdí rẹ̀. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ Àǹtí Méí, ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé obìnrin tó bá ń kígbe ń fi agbára tó yẹ kó fi bímọ ṣòfò, ó sì ń dójú ti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́ kí ó má baà kó ìtìjú bá wa. Àwa ní tiwa, etí la là sílẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé, igbe ló sì ń jí i lọ́dọ̀ gbogbo wọn, kò sì rò ó pé ìrọbí lè wọ ilé láì kan ilẹ̀kùn. Ó dúró de ohùn, obìnrin náà sì ń gbé ohùn mì, nínú àgbàlá kan náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ẹnì kejì. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mi ò sì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Ìyá Àgbà fa igi yọ kúrò nínú ààrò, ó fi epo sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó rán ẹnì kan sí màmá mi, ó rán ẹlòmíràn sí Ọ̀gbẹ́ni Lín ní oko. Bàbá Kàmórù, aládùúgbò wa tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko, ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Kàmórù, gbé wa dé Àpòmù."

"Ìyá, ṣé kò sí?"

"Ṣé ọjọ́ ìbéèrè nìyí? Wa ọkọ̀!"

Èmi ni wọ́n fi sáàárín, nítorí Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ lẹnu wa lónìí." Ọ̀nà kò jìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ó gùn. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, Ìyá Àgbà á ní, "Rọra!" Bí Bàbá Kàmórù bá dẹ ẹsẹ̀, á ní, "Yára!" Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, èwo nínú méjèèjì ni kí n ṣe?" Ó ní, "Ṣe méjèèjì!" Àǹtí Méí di ọwọ́ mi mú. Ìka mi ni mo fi mọ ìgbà tí ìrora bá dé, nítorí ẹnu rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Ní ilé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì ń tọ́jú ẹlòmíràn tó ń ké gbàjarè. Ó yọjú sí wa, ó rí Àǹtí Méí tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó wá kí èèyàn. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ wo bó ṣe jókòó, tirẹ̀ ò tíì yá. Let her get some rest." Ó fẹ́ padà. Ìyá Àgbà ní, "Nọ́ọ̀sì, láti ìdájí ni o!" Ṣùgbọ́n igbe tó ń bọ̀ láti inú yàrá ti bo ohùn rẹ̀.  Èmi tí wọ́n ní mo jẹ́ ẹnu wọn, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì mi ló sá lọ. Àǹtí Méí ló dìde. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó sì pe obìnrin náà, kò pariwo, ṣùgbọ́n gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá dúró bí abọ́ tí wọ́n tò.

"Nurse. I get pain from morning. It is getting very strong. Baby is getting near. You get ready. Please."

Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní ìyẹn. Omi àti igi ìdáná ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì yí padà, ó wo òógùn tó wà lójú rẹ̀, ó wo ọwọ́ tó di ògiri mú, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Jésù! Madam, come, come." Ó gbé apá rẹ̀ kọ́rùn, wọ́n wọlé. Ilẹ̀kùn tì. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀lé wọn, ẹnì kan fà mí padà, ó ní ọmọdé kì í wọ ibẹ̀.

A dúró. Màmá mi dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àti lára aṣọ, ó ti gbàgbé ìborùn rẹ̀ sí kíláàsì. Kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú wa ló ń wò. Ìyá Àgbà ń ka tẹ̀sùbáà, ìlẹ̀kẹ̀ náà ń yára ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ohùn ọmọ ló kọ́kọ́ dé, ó mú bí abẹ. Màmá mi pariwo, ó dì mọ́ mi. Ìyá Àgbà kò mira. "Ẹ dákẹ́," ó ní. "Ọ̀kan la gbọ́. Ohùn ìyá dà?" Inú mi tó ti dùn sì tún bàjẹ́ lójijì, nítorí a mọ̀ pé ẹni tó wà nínú yàrá yẹn kì í sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì yọjú ní fèrèsé, ó ní ọkùnrin ni, ó ní ara ìyá le. Ìyá Àgbà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn nọ́ọ̀sì lòun wá gbọ́. Ó lọ dúró nídìí fèrèsé, ó pè é, "Méí o!" A na etí fún ìgbà díẹ̀ tó gùn ju ọ̀nà Àpòmù lọ. Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan jáde, ní Yorùbá: "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ ti jẹun?" Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Ṣáínà. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì di ojú, ó ní, "Alùhámúdù lílàhì. Sọ fún un pé mo ti yó."

Ọ̀sán ti pọ́n kí Ọ̀gbẹ́ni Lín tó dé láti Ararọ̀mí lórí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ oko ìrẹsì gbẹ mọ́ ọn lára dé orúnkún. Ó wo ojú màmá mi. Màmá mi ní, "It is a boy. Both of them are well." Ó fi fìlà bo ẹnu, ó fara ti ògiri, ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún àgbàlagbà tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù. Ó ń ké sókè, ejìká rẹ̀ ń mì, àwọn tó ń kọjá ní títì ń dúró wò ó. Ojú ti màmá mi nítorí tirẹ̀, ó sún mọ́ ọn láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Lín, ó tó, ẹ jọ̀ọ́." Ìyá Àgbà, tí kì í fẹ́ rí omi lójú ọkùnrin, dá a lọ́wọ́ kọ́.

"Fi í sílẹ̀, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ẹkún ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sun."

Ó bọ́ ìborùn orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi ọwọ́ hàn án pé kó jókòó, kó sun ún tán.